Bí A Ṣe Ń Tún Ihò Èémí Táǹkì Epo Ṣe Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi Kékeré

Ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń rọra lọ létí omi, kò húkọ́, kò gbọ̀n. Ẹ wá bọ́ sí gbangba omi, ẹ ní kó sáré, ó sáré dáadáa fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kú. Ẹ dúró, ẹ tún un tàn, ó tún dáhùn bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Bó bá tún sáré, ó tún kú.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń ṣe báyìí a máa sáré pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, a tú kábúrétọ̀ palẹ̀, a ra pọ́ǹpù epo tuntun. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn. Kí ẹ tó náwó sórí ohunkóhun, ẹ lọ wo ibi tí táǹkì epo ti ń mí ná. Ihò kékeré ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń wò ó títí ọjọ́ tó bá dí.

Iṣẹ́ tí ihò yìí ń ṣe

Bí ẹ́ńjìnnì bá fa lítà epo kan jáde nínú táǹkì, afẹ́fẹ́ tó tó lítà kan gbọ́dọ̀ wọlé dípò rẹ̀. Bí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bá dí, pọ́ǹpù ẹ́ńjìnnì á máa fà síwájú, táǹkì á máa fà sẹ́yìn, títí agbára pọ́ǹpù kò fi ní ká epo náà mọ́. Ìdí nìyẹn tí àìsàn yìí kì í fi í yọjú lójú ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí epo nínú táǹkì lè fẹ̀ díẹ̀ kó tó di pé fífà náà le jù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé ó wúlò fún àyẹ̀wò: táǹkì tó kún dẹ́múdẹ́mú tètè máa ń fi àìsàn yìí hàn, torí afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ kéré, èyí tí epo rẹ̀ ti dé ìdajì lè pẹ́ gan-an kó tó hàn. Ẹni tó bá ń sọ pé ọkọ̀ òun kì í dáa lọ́jọ́ tóun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra epo lè máa fẹ̀sùn kan epo, nígbà tó jẹ́ ihò èémí ló dí.

Ihò náà tún ní iṣẹ́ òdìkejì. Nígbà tí ẹ bá ń bu epo, afẹ́fẹ́ inú táǹkì gbọ́dọ̀ ráyè jáde. Oòrùn tún ń mú kí epo wú: bí ooru bá fi 10°C lé sí i, epo pẹtiróòlù a máa wú tó nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Lítà 100 tí ẹ bù ní àárọ̀ kùtùkùtù lè fẹ́ àyè lítà méjì sí i bí ooru bá fi 20°C lé sí i lọ́sàn-án. Bí kò bá ríbi lọ, ara táǹkì àti ara páìpù ni yóò máa tì.

Àmì tí ẹ ó wò

Ẹ kọ́kọ́ wo pọ́ǹpù ọwọ́, ìyẹn rọ́bà rogodo tó wà lára páìpù epo láàárín táǹkì àti ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń kú lọ, tí ẹ rí i pé ikùn rọ́bà náà ti wọlé, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra, tí kò sì padà sípò, ohun kan ń dá epo dúró láti ọ̀dọ̀ táǹkì. Bí rọ́bà náà bá rọ̀ ṣùgbọ́n tó ṣì rí rogodo, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ máa yọ́ wọlé níbìkan lára páìpù. Ìyẹn ti yàtọ̀ sí ohun tí à ń sọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìdérí táǹkì. Ẹ dín eré kù, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá, kí ẹ sì rọra tú ìdérí náà títí etí yín yóò fi gbọ́ nǹkan. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ “fùùù” wọlé, tí ẹ́ńjìnnì sì padà sí agbára rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ẹjọ́ ti parí: ihò èémí ni. Bí kò bá sí ohun tó yí padà, ẹ wo fíltà, ẹ wo àwọ̀n tó wà nídìí páìpù tó ń fa epo nínú táǹkì, ẹ sì wo fáàfù kékeré tó wà níbi tí páìpù epo ti jáde lórí táǹkì, èyí tí kì í jẹ́ kí epo máa ṣàn jáde fúnra rẹ̀ bí páìpù bá já. Fáàfù yẹn lè há, àmì rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti ihò èémí tó dí pátápátá. Ìdérí tí ẹ tú yẹn ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ ń bu epo ni wàhálà ti ń yọjú, tí ìbọn ẹ̀rọ epo ń dá iṣẹ́ dúró fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, tí epo ń tutọ́ padà láti ẹnu ibi tí ẹ ń bù ú sí, afẹ́fẹ́ ni kò ráyè jáde.

Mo fẹ́ sọ èyí kó dá yín lójú: ìdérí tí ẹ tú sílẹ̀ kì í ṣe àtúnṣe. Ẹ lè fi í wakọ̀ padà sétí omi lọ́jọ́ yẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbì omi kan péré tó bá gbá lu ojú ọkọ̀ ti tó láti da omi sínú epo, gáàsì epo á sì máa rú jáde níbi tí ẹ jókòó sí.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Gáàsì tó ń rú jáde lára epo pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í fò lọ sókè. Ó ń ṣàn lọ sí ikùn ọkọ̀, ó sì ń dúró síbẹ̀. Kódà níbi tí ojú ọjọ́ tutù ju yìnyín lọ, epo yìí ṣì ń tú gáàsì tó lè gbaná. Nítorí náà, ẹ ṣe iṣẹ́ yìí ní ìta gbangba, kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ bó bá ṣeé ṣe, kí gbogbo ìlẹ̀kùn àti ìdérí ikùn ọkọ̀ wà ní ṣíṣí. Ẹ pa iná bátìrì láti ara súwíìṣì rẹ̀ kí ẹ tó tú rọ́bà kankan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń gbóòórùn epo kí ẹ tó débẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan súwíìṣì kankan, ẹ má sì tú ẹnu bátìrì, torí ìtapàrà iná kékeré kan tó. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ gbé gáàsì náà lọ.

Kí agolo ìpaná tó ṣeé lò fún iná epo wà níbi tí ọwọ́ yín lè tó o. Tọ́ọ̀ṣì tí ẹ máa lò, ìta ni kí ẹ ti tàn án. Ẹ kó àkísà, ìbọ̀wọ́, sípánà àti sùkúdíráífà dání, pẹ̀lú kílíìpù rọ́bà tuntun tí kì í dípẹtà àti nǹkan tí ẹ máa fi gba epo tó bá kán sílẹ̀. Ohun èlò iṣẹ́ ò ju ìyẹn lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹnu ihò níta

Nínú ọkọ̀ tí táǹkì rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ ó rí irin tàbí ike kékeré kan tó yọ síta lápá òkè ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tí ihò rẹ̀ dojú kọ ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ibẹ̀ náà ni ẹ̀bi máa ń wà jù.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí ẹ wò ó dáadáa. Agbọ́n tí í fi amọ̀ kọ́lé fẹ́ràn irú ihò yìí gan-an. Ẹ lè rí amọ̀ gbígbẹ tó kún ẹnu rẹ̀ bámúbámú. Aláǹtakùn náà ń ta òwú síbẹ̀. Ní etí òkun, iyọ̀ ń gbẹ mọ́ àwọ̀n wáyà inú rẹ̀ títí ojú àwọ̀n fi ń dí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wáyà náà sì ń dípẹtà, ó ń wú, ó ń di àwọ̀ ewé. Nígbà mìíràn, ẹni tó kun ọkọ̀ lọ́dà ló kùn ún mọ́ ọn.

Amọ̀ àti òwú: ẹ fi igi tín-ín-rín tàbí wáyà rírọ̀ kó o síta, ẹ má tì í wọnú. Iyọ̀: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́, ẹ fi rin ín, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún fi rin ín. Omi yìí kò gbọdọ̀ ṣàn lọ sínú táǹkì, nítorí náà bí ìdọ̀tí bá pọ̀, ó sàn kí ẹ tú irin náà kúrò lára ọkọ̀ kí ẹ lọ fọ̀ ọ́ níbòmíràn, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó dá a padà.

Àwọ̀n inú rẹ̀ ńkọ́? Mo ti rí àwọn tó fi ìṣó gún un kí afẹ́fẹ́ lè ráyè, ó sì ń dùn mí. Lílé kòkòrò nìkan kọ́ ni iṣẹ́ àwọ̀n yẹn. Òun ni kì í jẹ́ kí iná tó bá ṣẹ́ níta gba inú rọ́bà wọ táǹkì lọ. Bó bá ti bàjẹ́, ẹ ra irin náà tuntun. Kò wọ́n tó ẹ̀mí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tọ rọ́bà lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Láti ẹnu ihò yẹn, rọ́bà kan wà tó lọ sí orí táǹkì. Ẹ fi ojú àti ọwọ́ tọ̀ ọ́ lọ, kódà bó bá gba pé kí ẹ kó ẹrù ọkọ̀ dà síta. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wá: ibi tó ká, ibi tí nǹkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ (okùn ìdákọ̀ró àti ẹ̀wù ìléfòó tí wọ́n kó jọ lé e lórí sábà máa ń wà níbẹ̀), àti ibi tó rọ̀ sílẹ̀ bí ikùn.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró tì, torí ó ń tan àwọn mẹkáníìkì jẹ. Rọ́bà èémí gbọ́dọ̀ máa gòkè ṣáá láti orí táǹkì dé ìtòsí ẹnu ihò, kí epo tàbí omi tó bá wọnú rẹ̀ lè padà ṣàn sínú táǹkì. Bó bá rọ̀ sílẹ̀ níbìkan, ohun olómi á gbára jọ síbẹ̀, á sì dí ọ̀nà bíi kọ́ọ̀kì. Ẹnu ihò mọ́ tónítóní, rọ́bà kò ká, síbẹ̀ táǹkì kò lè mí. Ó tún lè ṣe ségesège: lónìí ó dí, lọ́la tí ọkọ̀ bá fì lójú ìgbì, epo náà ṣàn kúrò, gbogbo nǹkan dára. Bí àìsàn ọkọ̀ yín bá ń lọ tó ń bọ̀ láìnídìí, ẹ wá ikùn yẹn.

Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn. Ẹ gbé rọ́bà náà sókè, ẹ fi kílíìpù dè é mọ́ ara ọkọ̀ níbi púpọ̀ tí kò fi ní lè rọ̀ mọ́, bó bá sì gùn jù, ẹ gé e. Nítòsí ẹnu ihò, ó dára kí rọ́bà náà kọ́kọ́ ga ju ẹnu ihò lọ kó tó sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, kí omi tó bá gbá wọlé má bàa rí ọ̀nà dé inú táǹkì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tú rọ́bà lórí táǹkì, ẹ fẹ́ ẹ

Ẹ tú kílíìpù tó mú rọ́bà mọ́ orí táǹkì, kí ẹ rọra yí rọ́bà náà títí yóò fi jáde. Ẹ fi àkísà gba epo tó bá kán. Ẹ fi àkísà mìíràn bo ẹnu táǹkì lójú ẹsẹ̀ kí ìdọ̀tí má bàa jábọ́ sínú rẹ̀.

Ìgbà yìí ni ẹ lè fẹ́ afẹ́fẹ́, láti apá táǹkì lọ sí ìta, kí ohun tó dí i lè jáde gba ibi tó gbà wọlé. Pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ tó. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má sì fi ẹnu fà á rárá. Ẹ má sì ṣe fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táǹkì fúnra rẹ̀. Psi 3 péré (psi ni wọ́n fi ń wọn ipá afẹ́fẹ́, bíi ti inú táyà) ni wọ́n sábà fi ń dán táǹkì epo ọkọ̀ kékeré wò. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, ó lè la ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ lára táǹkì, ẹ kò sì ní mọ̀ títí epo yóò fi kún ikùn ọkọ̀.

Nígbà tí rọ́bà ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà tó ti le gbagidi, tó ti là, tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kò yẹ kó padà síbẹ̀. Nígbà mìíràn, ìta rẹ̀ á dára, inú rẹ̀ á ti bó, awẹ́ rẹ̀ á sì máa ṣí bí ìlẹ̀kùn: afẹ́fẹ́ ń jáde, kò sì lè wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: fáàfù àti agolo èédú, bí ọkọ̀ yín bá ní i

Àwọn ọkọ̀ kan ní fáàfù kékeré láàárín rọ́bà èémí, tó ń dènà epo kó má bàa tú jáde síta. Ẹ wo ọfà tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó tú u, torí pé bí ẹ bá dá a padà sódì, ẹ ti dá àìsàn tuntun sílẹ̀. Bó bá dúró ṣánṣán, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ lè gba inú rẹ̀ lọ kó sì padà. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ tuntun mìíràn ní agolo tí èédú wà nínú rẹ̀, tó ń gba gáàsì epo mọ́ra kó má bàa tú sí afẹ́fẹ́. Gáàsì ni wọ́n ṣe é fún. Bí epo gan-an bá wọnú rẹ̀, èédú náà á rin gbingbin, ọ̀nà á sì dí. Àwọn tó máa ń bu epo títí táǹkì yóò fi kún dé ọ̀fun ló sábà ń ba agolo yìí jẹ́. Ẹ gbé e: bó bá wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, tí epo ń kán lára rẹ̀, kò ṣeé fọ̀, tuntun ni kí ẹ rà. Ẹ má ṣe yọ ọ́ kúrò kí ẹ wá so rọ́bà pọ̀ láìsí i.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: rọ́bà tuntun

Rọ́bà èémí tó wọ́pọ̀ ní ihò tó fẹ̀ tó 5/8 ínṣì, ìyẹn nǹkan bíi mílímítà 16, ṣùgbọ́n ẹ wọn ti yín. Rọ́bà epo ọkọ̀ ojú omi gan-an ni kí ẹ rà. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀: ISO 7840 tàbí SAE J1527, ìyẹn àmì ìlànà rọ́bà epo ọkọ̀ ojú omi, ló yẹ kí ẹ rí. Rọ́bà tí a fi ń bomi rin ọgbà, tàbí èyí tí inú rẹ̀ hàn bíi gíláàsì, kò lè bá epo gbé. Á le, á là, gáàsì á sì máa jáde sínú ikùn ọkọ̀ láìsí ẹni tó mọ̀.

Ẹ ti rọ́bà náà wọlé dé ìdí ibi tó yẹ kó dé, kí ẹ tó fi kílíìpù dè é. Kí kílíìpù wà lẹ́yìn kókó tó yọ lára irin tí ẹ ti rọ́bà bọ̀, kó má ṣe wà létí rọ́bà gan-an. Ẹ fún un títí rọ́bà kò fi ní yí lọ́wọ́ yín mọ́, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Kílíìpù tí wọ́n fún jù ń gé rọ́bà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dán an wò

Ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ gba afẹ́fẹ́, kí ẹ sì fi imú wá òórùn epo nínú ikùn ọkọ̀ kí ẹ tó tan bátìrì padà. Bí ọkọ̀ bá ní fáànù tó ń lé gáàsì jáde, kó ṣiṣẹ́ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì.

Kí ẹnì kan wá gbé ọwọ́ sí ẹnu ihò èémí nígbà tí ẹnì kejì ń bu epo. Ó gbọ́dọ̀ mọ afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọkọ̀ lọ sí omi pẹ̀lú táǹkì tó kún dáadáa, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń tètè hàn, kí ẹ sáré pẹ́ ju bó ti máa ń sáré kó tó kú tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá dúró, ẹ tú ìdérí: kò gbọdọ̀ fẹ́ fùùù mọ́.

Táǹkì alágbèéká

Èyí rọrùn jù. Táǹkì pupa tí a ń gbé wọnú ọkọ̀ máa ń ní síkúrù kékeré lórí ìdérí rẹ̀. Ẹ tú u kí ẹ tó gbéra, ẹ dé e bí ẹ bá ń gbé táǹkì náà. Ìgbàgbé síkúrù yìí ló ń pa ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì lójú omi.

Àwọn tuntun kan kò ní síkúrù. Fáàfù tó ń dá ṣiṣẹ́ ló wà lára wọn, tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fà, tí kì í sì í tú u sílẹ̀ títí yóò fi tó nǹkan bíi psi 5 nínú. Irú táǹkì bẹ́ẹ̀ á wú nínú oòrùn, kí ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni páìpù rẹ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì: ipá inú táǹkì náà lè ti epo kọjá abẹ́rẹ́ kábúrétọ̀ (irin kékeré tó ń dá epo dúró níbẹ̀), kí epo sì kún abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ páìpù náà kúrò nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá dúró, kí ẹ sì rọra tú ìdérí díẹ̀ kí ipá náà jáde kí ẹ tó so ó padà. Ilẹ̀ ni kí ẹ gbé táǹkì náà kà bí ẹ bá ń bu epo sí i, kò gbọdọ̀ jẹ́ inú ọkọ̀.

Kí ó má bàa tún dí

Ẹ má bu epo kọjá ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá táǹkì. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ wà ní títẹ́jú nígbà tí ẹ bá ń bù ú, torí bó bá dagun, epo lè bo ẹnu rọ́bà èémí lórí táǹkì nígbà tí àyè ṣì pọ̀ lápá kejì. Ní etí òkun, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ nu ẹnu ihò lẹ́yìn gbogbo ìrìn.

Bí ọkọ̀ bá máa gbélẹ̀ pẹ́, ẹ má fi téèpù tàbí àkísà dí ihò náà nítorí agbọ́n. Oòrùn á mú epo wú, kò ní ríbi lọ. Ẹ ra irin tí àwọ̀n wà lẹ́nu rẹ̀ níta, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní àkókò tí agbọ́n bá ń kọ́lé.